Ariwo Ẹ́ńjìn Mi Lójú Ọ̀nà Ilé Ìwòsàn

Ẹ̀yin ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tí ẹ ń parí ilé ìwé, tí ẹ ń wá iṣẹ́ tí ẹ máa fi ayé yín ṣe, mo gbọ́ pé ẹ ti bi tíṣà yín, ẹ ti bi pásítọ̀, ẹ sì ti bi àbúrò ìyá yín tó wà ní ọ́fíìsì ní Ìlọrin. Èmi nìkan ni ẹ kò bi. N kò bínú. Ẹni tó bá fẹ́ bi mí ní ọ̀rọ̀ ní láti pariwo títí gbogbo àdúgbò yóò fi gbọ́ kí èmi tó gbọ́, torí etí ọ̀tún mi ti kú, ti òsì náà sì ń múra ìrìn àjò. Iṣẹ́ ẹ̀rọ ìlọta ló sọ wọ́n dà bẹ́ẹ̀. Òun ni mo ṣe ní Òmù-Àrán níbí, láti ìgbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira títí egungun ẹ̀yìn mi fi ní ó tó.

Bí mo ṣe dé ẹnu iṣẹ́ náà kò gùn ní sísọ. Ìwé kẹrin ni mo kà dé. Bàbá mi mú mi lọ bá Ọ̀gá Dáníẹ́lì, wọ́n sọ̀rọ̀ díẹ̀, mo ká ẹní mi, mo sì di ọmọ iṣẹ́. Ní ti owó, ẹ jẹ́ ká fò ó. Ohun tí kò tó jẹ kì í tó ròyìn.

Ọ̀gá Dáníẹ́lì ni kí n ròyìn. Alàgbà ìjọ ni, ọkùnrin gíga tí ṣòkòtò kakí rẹ̀ máa ń ní ojú ìlà áyọ́ọ̀nù títí kan inú iyẹ̀fun. Ẹ́ńjìn rẹ̀ wà lára àwọn tó kọ́kọ́ wọ ìlú yìí. Kí ó tó dé, orí ọlọ ni àwọn ìyá wa ń kúnlẹ̀ sí. Ẹ máa rò pé ẹni tó ní irú nǹkan bẹ́ẹ̀ máa gbé e sí àárín ọjà kí gbogbo ayé rí i. Rárá o. Ó gbé e lọ sí ìsàlẹ̀ odò, níbi tí ilé parí sí. Àwọn obìnrin ń ráhùn pé ọ̀nà jìn. Ó ní, “Ẹsẹ̀ yín ni yóò rìn wá bá ariwo. Ariwo kò ní rìn wá bá yín lórí ibùsùn.”

Ó ní àṣà kan tí n kò rí lọ́dọ̀ ọlọ́lọ mìíràn. Kí a tó tan ẹ́ńjìn, ọmọ iṣẹ́ gbọ́dọ̀ jáde sí ìta, kó ké sí apá òkè àti apá ìsàlẹ̀ pé, “A fẹ́ tan án o!” Lẹ́yìn náà a ó dúró. Bí abiyamọ kan bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ́ ọmọ sùn, tàbí tí aláìsàn bá wà nílé ẹnì kan, wọ́n á ránṣẹ́. Bí wọ́n bá sì ránṣẹ́ nígbà tí a ti tan án, a ó pa á. Ọ̀gá kì í gbà kí a bèèrè ìdí.

“Pa á ná,” ló máa ń wí. “Bó o bá ti pa á tán, wàá gbọ́ ìdí rẹ̀ dáadáa. Ta ló ń gbọ́ àlàyé nínú ariwo?”

Ọ̀rọ̀ yẹn dára létí. Ìṣòro mi ni pé ẹ́ńjìn tí a bá pa, a ní láti tún un tan. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi ìka kan tẹ nǹkan tó ń tàn, ẹ kò mọ háńdù. Irin wíwọ́ kan ni. A ó ti orí rẹ̀ bọ ẹ́ńjìn lẹ́gbẹ̀ẹ́, a ó máa yí i pẹ̀lú gbogbo agbára, títí ẹ́ńjìn yóò fi húkọ́ tí yóò sì mú. Bí kò bá fẹ́ mú, á ta padà bíi kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Ó ti ṣẹ́ apá ẹnì kan ní Ìjàrà, ó sì ti yọ eyín ẹlòmíràn. Ìtàn méjèèjì yìí ni wọ́n kọ́kọ́ sọ fún mi lọ́jọ́ tí mo dé, mo sì gbà wọ́n gbọ́ ju Bíbélì lọ.

Ẹ̀rù háńdù yẹn bà mí tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ń lá àlá rẹ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi yóò yí i lẹ́ẹ̀kan, á mú. Èmi yóò dì í mú, n ó di ojú, n ó sọ orúkọ Jésù, n ó tún sọ ti Ànábì kó má baà sí ìjà, á sì ta mí nù.

“Àjàní,” ni Ọ̀gá wí lọ́jọ́ kan, “ṣé o ń tan ẹ́ńjìn ni àbí o ń kí ọba?”

“Ọ̀gá, ẹ̀rọ yìí mọ̀ mí.”

“Kò mọ̀ ọ́. Àtàǹpàkò rẹ ló mọ̀. Yọ ọ́ kúrò níbẹ̀.”

Ó wá fi hàn mí. Àtàǹpàkò kò gbọdọ̀ yí háńdù ká. Ẹ̀gbẹ́ àwọn ìka yòókù ni kó wà, tó jẹ́ pé bí irin bá ta, yóò fò kúrò lọ́wọ́, kò ní rí ohun tí yóò ṣẹ́. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ló fi mú mi ṣe é, tí n kò fọwọ́ kan iṣẹ́ mìíràn. Bí àtàǹpàkò mi bá ṣìnà, á fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ gbà á. Mo sunkún. Ọkùnrin tó ti ń hu irùngbọ̀n sunkún nítorí àtàǹpàkò! Màmá, ìyàwó Ọ̀gá, ló máa ń fún mi ní omi gbígbóná láti fi jó o. Á ní, “Àjàní, rọra. Ó fẹ́ràn rẹ ni.” Mo ní, “Màmá, ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n kí wọ́n kórìíra mi díẹ̀.”

Mo kọ́ ọ, mo mọ̀ ọ́n. Ẹ̀rù kò lọ. Mo kàn kọ́ bí a ṣe ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú ẹ̀rù nínú ni, bí ẹni tó ní ẹ̀gún lẹ́sẹ̀ tó ń lọ oko.

Mo kọ́ àwọn nǹkan mìíràn náà: bí a ṣe ń gbọ́ ìró bẹ́líìtì tó fẹ́ já, bí a ṣe ń pọ́n eyín irin tó ń lọ nǹkan nígbà tí ó bá kúnu, àti bí a ṣe ń to èrò. Títo èrò le ju ẹ́ńjìn lọ. Kò sí obìnrin tó fẹ́ kí àgbàdo òun tẹ̀lé ata ẹlòmíràn. Ọlọ́kà ń sọ pé òun ló kọ́kọ́ dé, aláta ń sọ pé igbá òun ló kọ́kọ́ dúró. Ọ̀gá ṣe òfin: ẹ̀lùbọ́ ṣáájú, ọkà tẹ̀lé e, ata ló kẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ parí.

Mo gba ìyọ̀ǹda ní nǹkan bí ìgbà tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Kwara sílẹ̀. Ìgbà yẹn, ìlú dà bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra bàtà. Gbogbo ènìyàn fẹ́ rìn. Oníṣòwò kan wà tí a ń pè ní Alájì. Ó kọ́ ṣọ́ọ̀bù ogún ilẹ̀kùn lórí ìlà kan sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà tó lọ sí ilé ìwòsàn. A sì sọ ibẹ̀ ní Ológún Ilẹ̀kùn. Aṣọ wà níbẹ̀, kẹ̀kẹ́ wà, ṣúgà àti sìmẹ́ńtì wà. Èmi ni ọlọ́lọ àkọ́kọ́ tó gba ṣọ́ọ̀bù.

Kí n tó kó lọ, mo lọ sọ fún Ọ̀gá.

“Ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ilé ìwòsàn kẹ̀?”

“Ibẹ̀ ni èrò wà, Ọ̀gá.”

“Ọ̀nà yẹn, àwọn tó ń gbà á kì í ní àsìkò. Bó o bá lọ síbẹ̀, má gbàgbé ohun tí mo kọ́ ọ.”

Mo ní n kò lè gbàgbé. Òótọ́ sì ni, n kò gbàgbé. Ìyẹn ló mú kí ọ̀rọ̀ náà burú.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, nǹkan dára. Iwájú ṣọ́ọ̀bù fẹ̀. Lọ́jọ́ ọjà, àwọn ọkọ̀ tó ń kó iṣu àti ẹ̀gẹ́ bọ̀ láti oko máa ń dúró sórí ilẹ̀ gbalasa iwájú wa, ojú ọ̀nà sì ṣófo. Mo ṣì ń ké pé “A fẹ́ tan án o!” Àwọn ará ṣọ́ọ̀bù ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ní, “Ládàánì tún ti dé!” Díẹ̀díẹ̀, mo dín ohùn kù. Nígbà tó yá, mo ń sọ ọ́ sínú. Nígbà tó tún yá, n kò sọ ọ́ mọ́.

Ìgbà tí ọlọ́lọ di márùn-ún, tí ẹnì kan tó ń ta rẹ́kọ́ọ̀dù sì gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn sórí òrùlé, ni Alájì ní òun fẹ́ fẹ Ológún Ilẹ̀kùn lójú. Ó fẹ́ kọ́ ìlà kejì sórí ilẹ̀ gbalasa iwájú wa. Àwọn ará àdúgbò kọ̀. Tíṣà kan bá wọn wá. Ó ní ariwo tó wà nílẹ̀ ti pọ̀ jù, pé bí wọ́n bá kọ́lé sórí ibi tí ọkọ̀ ń dúró, ojú ọ̀nà ni ọkọ̀ yóò wá dúró. Ẹni tó bá ní etí gbọ́ pé òótọ́ ló sọ. Alájì yíjú sí wa, àwa tí a gba ṣọ́ọ̀bù. Èmi ló sì tọ́ka sí, torí èmi ló pẹ́ jù níbẹ̀.

“Bàbá Kọ́lá, ìwọ lo wà láàárín rẹ̀. Ṣé ariwo wà níbí?”

Ẹ wò mí níbẹ̀. Alájì ló ni ṣọ́ọ̀bù. Ó lè lé mi lọ́la. Mo la ẹnu, mo sì fi gbogbo ohùn ké, bí ẹni tó ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀ lókè odò:

“ARIWO KẸ̀? KÒ SÍ ARIWO NÍBÍ O!”

Gbogbo ènìyàn bú sẹ́rìn-ín. Èmi nìkan ni kò mọ̀ pé mo ń pariwo. Tíṣà wò mí, ó mi orí, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Wọ́n kọ́ ìlà kejì. Ọkọ̀ kó sí ojú ọ̀nà, bí tíṣà ṣe wí gẹ́lẹ́. Lọ́jọ́ ọjà, bí ọ̀kan bá ń já ẹrù, èkejì kò lè kọjá, àwọn tó wà lẹ́yìn á sì máa fọn fèrè bí ẹni pé fèrè ló ń gbé ọkọ̀ kúrò lọ́nà.

Òwe tó wà fún ohun tó tẹ̀lé e, gbogbo yín mọ̀ ọ́n: bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bá.

Ọjọ́ ọjà ni, oòrùn ti gòkè. Háńdù ti ta mí láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ọrùn ọwọ́ mi sì wú bí iṣu. Igbá tó wà nílẹ̀ kò ṣe é kà. Mo bẹ Ọlọ́run kan ṣoṣo ohun kan ṣoṣo: kí ẹ́ńjìn yìí má kú títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, torí n kò lè fojú kan háńdù yẹn mọ́ lónìí.

Àṣé ọkọ̀ ẹlẹ́rù méjì ti kora wọn níwájú. Pijó kan há sí àárín wọn. Ọ̀nà kan ṣoṣo tó wà ni kí èyí tó kó iṣu nínú wọn padà sẹ́yìn sínú àlàfo kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà. Ọmọ ọkọ̀ sì wà lẹ́yìn rẹ̀ tó ń ké sí awakọ̀ pé kó máa bọ̀. Awakọ̀ kò gbọ́. Ẹ́ńjìn márùn-ún, rẹ́kọ́ọ̀dù kan, fèrè tí kò lóǹkà, báwo ló ṣe fẹ́ gbọ́? Ó sì ń bẹ̀rù kó má baà tẹ àwọn obìnrin tó pàtẹ sẹ́yìn rẹ̀.

Awakọ̀ Pijó sáré wọlé bá mi. Ó ń laagùn.

“Bàbá, ẹ pa á! Ẹ pa á fún wa díẹ̀, kí awakọ̀ yìí lè gbọ́ ohun tí wọ́n ń wí fún un!”

Mo gbọ́ ọ. N kò lè purọ́ pé n kò gbọ́, torí etí mi ni ó fi ẹnu sí. Mo wo ọrùn ọwọ́ mi. Mo wo háńdù lára ògiri. Mo gbé ìka kan sókè. Mo ní:

“Ó ku igbá kan.”

Ó sáré lọ bá àwọn ọlọ́lọ mẹ́rin yòókù. Wọ́n sọ fún mi lẹ́yìn náà pé èsì kan náà ni wọ́n fún un: “Bí Bàbá Kọ́lá bá ti pa tiẹ̀, a ó pa tiwa.” Èmi ni àgbà wọn. Mo lọ igbá kan náà tán. Obìnrin tó tẹ̀lé e ti da tirẹ̀ sẹ́nu ẹ̀rọ kí n tó ronú. Mo jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀.

Mo rí i pé àwọn obìnrin ń yà sọ́tùn-ún, wọ́n ń yà sósì. Màmá ló kọ́kọ́ wọlé, gèlè ti bọ́ lórí rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, ọkùnrin méjì fa ọkùnrin kan lápá. Ó tẹ̀ síwájú, ó fi ọwọ́ kan di abẹ́ ikùn mú, ojú rẹ̀ ti pọ́n bí ata. Ìpá rẹ̀ ló lọ́ láti òru. Òun ló wà nínú Pijó.

Ọ̀gá Dáníẹ́lì kò wo ojú mi. Ó na ọwọ́ kọjá àyà mi, sí irin kékeré tó ń dá epo dúró, ó sì tì í. Ẹ́ńjìn mí lẹ́ẹ̀mejì, ó kú.

Àwọn mẹ́rin yòókù kú tẹ̀ lé e. Onírẹ́kọ́ọ̀dù náà bojú wolẹ̀, ó yí ohùn tirẹ̀ sílẹ̀. N kò tíì gbọ́ irú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ bẹ́ẹ̀ níbẹ̀ rí. A gbọ́ ohùn ọmọ ọkọ̀ náà kedere: “Máa bọ̀, máa bọ̀, tẹ̀ ẹ́ sí ọ̀tún, ó tó!” Ọkọ̀ iṣu wọ inú àlàfo rẹ̀. Ọ̀nà là. Gbogbo rẹ̀ kò ju ìgbà tí ènìyàn fi ń bu omi mu lọ.

Wọ́n gbé Ọ̀gá padà sínú Pijó, wọ́n lọ. Obìnrin tí ọkà rẹ̀ wà lẹ́nu ẹ̀rọ kó o jáde ní ẹ̀kúnwọ́ ẹ̀kúnwọ́. Kò bú mi. Kò sí ẹni tó bú mi. Wọ́n kàn ń gbé igbá wọn lọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ìgbà tí wọ́n ń jáde nílé ọ̀fọ̀.

Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún Ọ̀gá, ó yè. Ṣùgbọ́n dókítà ní ó pẹ́ kó tó dé, wọ́n sì gé lára ìfun rẹ̀. Kì í ṣe ọkùnrin gíga mọ́. Nígbà tó padà sílé, mo mú ìyàwó mi àti àgbà kan dání, mo lọ dọ̀bálẹ̀ sí iwájú ilé rẹ̀. Eruku ń wọ imú mi, n kò jẹ́ sín. Àgbà tí mo mú dání ń bẹ̀bẹ̀, ó ń sọ pé iṣẹ́ èṣù ni.

“Kì í ṣe èṣù,” ni Ọ̀gá wí. “Dìde, Àjàní. Ìwọ kọ́ ni mò ń bínú sí. Ara mi ni. Ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi kọ́ ọ bí a ṣe ń tan án. Mo rò pé pípa á rọrùn, kò gba ẹ̀kọ́.”

Ì bá ti nà mí, ì bá dára jù. Ikú yá ju ẹ̀sín, wọ́n ní, ṣùgbọ́n ẹ̀sín ni mo gbà lọ sílé, mo sì ń jẹ ẹ́ títí dòní. Ọ̀gá lo ọdún díẹ̀ sí i kó tó kú. Màmá kò yàn mí lódì. Bó bá ń kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù mi, á ní, “Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá Kọ́lá.” Kò pè mí ní Àjàní mọ́.

Ẹ máa ní, kí ló dé tí n kò kó kúrò níbẹ̀? Ẹ̀rù ni. Èrò wà níbẹ̀, àwọn ọmọ wà nílé ìwé. Mo padà sí igbe kíké mi, mo ń pa ẹ́ńjìn fún ẹnikẹ́ni tó bá sọ̀rọ̀, títí kan ọmùtí kan tó ní kí n pa á kí òun lè kọrin. Nígbà tó ṣe, iná mànàmáná tó ń ti Gánmọ̀ wá dúró dáadáa, mo ra mọ́tò oníná. Bọ́tìnnì pupa, bọ́tìnnì aláwọ̀ ewé. Ìka kan. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ fi ìka kan pa á, mo jókòó sórí àpò, ìyàwó mi sì rò pé iná ló gbé mi.

Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì, Alájì ti kú, ọmọ rẹ̀ sì fẹ́ sọ ibẹ̀ di ilé ìtajà alájà méjì, kó tún fà á síwájú sí i. Wọ́n pe ìpàdé. Ó kó àwòrán ńlá kan wá, ọkọ̀ mẹ́ta péré ló wà nínú àwòrán náà, gbogbo wọn sì tò dáadáa. Kò sí ọkọ̀ iṣu kankan níbẹ̀. Mo dìde. Mo ní ẹ má ṣe fa ilé yìí síwájú mọ́, ọ̀nà ilé ìwòsàn ni.

Ọkùnrin kan sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn. Ó pariwo kí n lè gbọ́, kò sì sí ẹni tí kò gbọ́.

“Bàbá, ṣé kì í ṣe ẹ́ńjìn tiyín ni aláìsàn dìde wá pa?”

“Tèmi ni,” mo wí. “Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí mo fi ń sọ̀rọ̀.”

Àwọn kan rẹ́rìn-ín, àwọn kan wolẹ̀. Ọmọ Alájì dúpẹ́ lọ́wọ́ mi púpọ̀, ó sì kọ́ ilé náà. Ẹni àkọ́kọ́ tó gba ṣọ́ọ̀bù níbẹ̀ ni Kọ́lá, ọmọ mi. Gbohùngbohùn ló ń tà.

Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi wà lọ́jà, èmi gan-an ni mo wọ́ ọ. Nítorí náà, lọ́jọ́ ọjà, mo máa ń mú ọ̀pá mi, n ó lọ dúró ní ojú ọ̀nà níwájú ṣọ́ọ̀bù Kọ́lá, n ó máa darí ọkọ̀. Ẹ má rò pé mo ti di akọni. Bí ọkọ̀ ńlá bá fọn fèrè, inú gọ́tà ni mò ń fò sí. N ó gbọn ẹsẹ̀ nù, n ó tún jáde. Àwọn awakọ̀ ń bú mi, mo dúpẹ́ pé etí ọ̀tún ni wọ́n sábà máa ń bú.

Ní ọjà tó kọjá, Kọ́lá jáde wá bá mi. Ó fà mí lápá aṣọ.

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa lọ sílé. Ẹ ń dójú tì mí lójú àwọn oníbàárà mi.”

Mo wò ó. Ọkọ̀ tó ń já gbohùngbohùn rẹ̀ sílẹ̀ ló dí ìdajì ọ̀nà. Mo fi ọ̀pá mi lé e lọ́wọ́.

“Dúró síbí,” mo wí. “Kí n lọ dúró lápá ọ̀hún.”